Ìdánwò Kì í Ṣe Ìdájọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ tí Yunifásítì Kò Tíì Gbà àti fún Ẹni tí ó Bí I

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ Ìṣẹ̀ṣe ní Ìdó-Èkìtì, oṣù kẹjọ ọdún 2025)



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà ilẹ̀ Ìdó tí a tẹ̀ yìí, mo sì júbà àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. 

Àwọn tí wọ́n pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdè Ifá. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni, mo sì lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún yìí, ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ojú ọpọ́n mi jù lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó ṣe ìdánwò àṣewọlé, tí máàkì rẹ̀ kò sì tó èyí tí yunifásítì ń béèrè. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà láti yí orí ọ̀rọ̀ mi padà, wọ́n sì fún mi.

Ìyá kan ni ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ̀lé e, ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n mú lójú olè. Ìyá náà kò jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí ó di ọmọ yìí mú, orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó na fóònù sí mi: 143 nínú 400. Ìṣègùn òyìnbó ni ọmọ náà fẹ́ kọ́. Ìyá náà sì ti mọ ẹni tí ó fura sí; ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, tí ọmọ tirẹ̀ gba 231. Ohun tí ó kù fún un ni kí Ifá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin bàbá awo, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ mọ bí ó ti rọrùn tó láti dárúkọ ènìyàn kan ní àkókò bẹ́ẹ̀. Owó yóò wọlé, ìyá yóò fi ọpẹ́ hàn, ilé kan yóò sì dàrú títí ayé. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ọmọ náà sún mọ́ mi, mo sì bi í ní ìbéèrè kan: "Ìgbà wo ni o fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kẹ́yìn kí o tó ṣe ìdánwò yìí?" Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ ìdánwò ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án." Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í rí.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ó yó ni ó ń kọ́ ẹni tí ebi ń pa bí a ti ń fara dà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ọdún 1996 ni mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo ṣe ìdánwò JAMB lọ́dún náà, mo gba 187. Mo tún un ṣe ní 1997, mo gba 194. Mo tún un ṣe ní 1998, ó wálẹ̀ sí 179. Lẹ́yìn ti ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rántí pé n kì í gba ojú títì kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sí oko, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ti yunifásítì bọ̀ fún ìsinmi, gbogbo àgbàlagbà tí ó bá sì rí mi ni ó ń béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n á mú ẹ?" Ìbéèrè ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí egbò ń dùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tí ó ń wò ó sàn àti ọwọ́ tí ó ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi, awo tí kò lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, ni ó gbà mí sílẹ̀, kò sì ṣe é pẹ̀lú ẹbọ. Ó ní kí n máa tẹ̀lé òun. A jọ ń lọ sí oko, a jọ ń já ewé, mo ń kọ́ odù ní alẹ́. Ní ọdún 1999 ni ó fúnra rẹ̀ sọ pé, "Ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ńkọ́? Ṣé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní ni?" Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí NCE, mo fi ìwé náà wọ yunifásítì láìtún ṣe ìdánwò JAMB alámáàkì mọ́, ọdún kejì ni wọ́n sì fi mí sí. Ọ̀nà náà gùn ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Mo fi ọdún mẹ́ta pẹ́ lẹ́yìn, mo sì fi ọdún mẹ́ta náà kọ́ Ifá. Ìwé tí mo kọ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, orí ohun tí mo kọ́ ní ọdún mẹ́ta yẹn ni ó dúró lé.

N kò sọ èyí láti fi yangàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣubú bí mo ti ṣubú tí kò rí bàbá bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń kàn, kí a mọ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìgbaniwọlé. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe, 100 ni ìkọ̀ọ̀kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní máàkì kírẹ́díìtì nínú iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde bíi WAEC tàbí NECO. Àwọn yunifásítì pọ̀ tí wọ́n tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni. Ọmọ lè kọjá nínú méjì kí ó dúró lẹ́nu ẹ̀kẹta.

Ní ọdún yìí, àwọn tí àbájáde ìdánwò JAMB wọn kọ́kọ́ jáde lé ní 1,900,000. Àwọn tí kò gba 200 nínú wọn lé ní 1,500,000. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó àbúrò ọkọ ni ó ń di àwọn ọmọ wọ̀nyí mú, a jẹ́ pé àwọn ìyàwó àbúrò ọkọ ní Nàìjíríà kò ní àkókò láti dáná. Ní oṣù keje ni àwọn aláṣẹ jókòó tí wọ́n fi gbèdéke sí 150 fún yunifásítì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n gbèdéke yẹn kì í ṣe ìlérí. Ìpìlẹ̀ lásán ni. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ ga sí i, ẹ̀ka ìṣègùn àti ẹ̀ka òfin kì í sì í bá a ṣeré rárá, nítorí pé àyè tí ó wà kò tó àwọn tí ń wá a.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ. Ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé 45 nínú 100 ń wọlé nípa máàkì gan-an, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì náà ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba sọ pé ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Èkìtì kò sí nínú ti ìkẹyìn yìí. Nítorí náà, ọmọ Ìdó tí ó bá fi yunifásítì tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ṣe àkọ́kọ́, tí ó fi èyí tí ó wà ní Ọyẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ó sún mọ́ ilé jù, ó ti lọ du àyè ní ibi tí àyè ti há jù lọ fún un. Ọmọ méjì lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọlé kí èkejì má wọlé. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ìṣirò ni.

Máàkì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí kan náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sunkún. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba àbájáde àwọn ọmọ 379,997 jẹ́, ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún un ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí, WAEC kéde pé 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà wá, wọ́n ní àṣìṣe wọ inú iṣẹ́ àwọn. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó sì di 62.96. Ẹ wo iye ilé tí wọ́n ti na ọmọ, tí wọ́n ti bú ọmọ, tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì, álífà àti babaláwo, láàárín àbájáde àkọ́kọ́ àti èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí a sọ sí àwọn ọmọ yẹn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ta ni yóò tún wọn yẹ̀ wò?

N kò sọ pé gbogbo máàkì ni àṣìṣe. 187 tèmi kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. N kò mọ ìmọ̀ físíìsì ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ènìyàn ni ó gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀, ènìyàn ni ó ń lò ó, ohun kan ṣoṣo ni ó sì ń wọ̀n: ohun tí ọmọ lè ṣe ní wákàtí méjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Níbí ni mo ti fẹ́ ya díẹ̀ sínú iṣẹ́ mi. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí àwa tí a ń sọ ọ́ ti gbàgbé. Kí ni ìdánwò? A mú un jáde láti inú dán-wò. Ẹni tí ó dán aṣọ wò kò tíì rà á. Ẹni tí ó dán ọbẹ̀ wò lórí iná, tí ó rí i pé iyọ̀ kò tó, kì í da ọbẹ̀ náà sí ààtàn. Iyọ̀ ni ó ń fi sí i. Ìdájọ́ ni ó ti inú dá-ẹjọ́ wá, ẹjọ́ tí a bá sì ti dá, ó parí níwájú ẹni tí ó dá a. Àwọn bàbá wa kò pe ìdánwò ní ìdájọ́. Àwa ni a ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, a kàn kò fi ẹnu pè é ni.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí kò yege: ó fìdí rẹmi. Ó fi ìdí rẹ omi. Ẹni tí ń wọ́ odò kọjá ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tí ó jókòó sínú omi. Aṣọ rẹ̀ tutù, àwọn tí ó wà ní bèbè sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ó rì. Kò sọ pé odò gbé e lọ. Ó ń dúró de kí ó dìde ni. Bí ọmọ bá wá rì lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ara wa dáadáa, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwa tí a wà ní bèbè ni a tì í. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ wà ní ilẹ̀ Yorùbá yìí tí wọ́n ti gba ẹ̀mí ara wọn nítorí máàkì. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tí ó wà níbí rántí èyí kí ó tó la ẹnu.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ orí, èyí tí ó kan àwa awo jù lọ, tí mo sì ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀bi mi nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2014, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá Ifá, odù tí ó jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù. Àwọn méje ń dúró dè mí níta. Mo yára, mo ní, "Orí ọmọ yìí kò yan ìwé. Ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un." Ojú ọmọ náà ni mo ti sọ ọ́. Bàbá dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ní ọdún 2021 mo dúró ní ìkóríta Ìfàkì, mo ń wá ọ̀kadà. Ẹni tí ó gbé mi mọ̀ mí, èmi kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí n mọ ara mi. Mo fẹ́ràn ìṣirò gan-an nígbà yẹn, àṣé orí mi ò yàn án." Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Bí ó bá bú mi, ìbá sàn fún mi. Ifá kò sọ pé kò yan ìwé. Èmi ni mo sọ ọ́. Ifá sọ iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù. Ẹni tí ó ń fi ìṣirò yàwòrán ilé, iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni bí? Ẹni tí ó máa ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kẹta, sùúrù kọ́ ni yóò lò bí? Mo mú ọ̀rọ̀ tí ó la ọ̀nà, mo fi ti ilẹ̀kùn.

Mo wá ilé rẹ̀ rí lẹ́yìn oṣù kan, mo sọ fún un pé mo ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́." Mo ní kò tíì pẹ́. Mo sọ ti yunifásítì tí a ń pè ní NOUN, tí kì í béèrè máàkì JAMB. Ó ní òun yóò rò ó. Ọdún kẹrin rèé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ifá sọ gan-an. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí. Àwọn méjì yára lọ. Wọn kò yà síbì kan. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n sì mú orí tí ó wu ojú wọn. Orí náà dán, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò jinná. Ẹ̀kẹta, Afùwàpẹ́, pẹ́ lójú ọ̀nà. Ó dúró láti dá Ifá, ó dúró láti rúbọ, ó dúró ti ẹni tí kò mọ iyọ̀, ó fún un ní iyọ̀. Nígbà tí yóò fi dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ó bá gbèsè Àjàlá pàdé, ó sì bá a san án, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a yan èyí tí ó jinná. Òjò pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ti ń bọ̀ láyé. Ti àwọn tí ó yára ni ó wó.

A máa ń fi ìtàn yìí sọ pé kádàrá ti yàn, kò sí àtúnṣe. Èmi gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀: ẹni tí ó pẹ́ ni ó rí orí tí ó dára. Àwọn ohun tí ó dá a dúró ni ó ràn án lọ́wọ́. Ifá kò sì fi mọ síbẹ̀. Ìtàn mìíràn wà tí ó sọ pé gbogbo orí pé jọ láti ṣe ìpinnu, wọn kò pe ẹsẹ̀. Wọ́n gbìmọ̀ títí, kò sí ohun tí ó lójú. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gún. Ẹsẹ̀ ni ìrìn, ẹsẹ̀ ni akitiyan. Nítorí náà, awo tí ó bá wo ọmọ tí kò tíì rìn tán, tí ó sọ pé orí rẹ̀ kò gbà, ó ti pe ìpàdé láìpe ẹsẹ̀.

Àwọn kan nínú wa tún ń ṣe àṣìṣe kejì. Ní ọdọọdún, bí àbájáde bá ti jáde, wọn á ní, "Ẹ mú èyí tí kò yege wá, kí ó wá kọ́ Ifá." Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ààtàn ni Ifá ni? Odù 256 ni, ẹsẹ inú ìkọ̀ọ̀kan kò lóǹkà; ọdún púpọ̀ ni ọmọ awo ń lò kí ó tó lè dá Ifá fún ènìyàn láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí ó ga jù lọ lágbàáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ́ Ifá, ó kọ́ ìwé, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989. Ẹni tí ó bá fẹ́ Ifá ni kí ó wá kọ́ ọ, yálà ó gba 300 tàbí 100. Kí a má fi ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kún iye wa, kí a sì wá pè é ní ìsọjí àṣà.

Ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tí ó tó fún wa. A ń fi ìwé yangàn níhìn-ín, ó sì tọ́ sí wa. Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn, tí ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní 1972. Ṣùgbọ́n ìyangàn yìí ti di ẹrù sí ọmọ lórí, bí ẹni pé ọmọ Èkìtì tí kò lọ yunifásítì kì í ṣe ọmọ Èkìtì mọ́. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Ilé ọnà British Museum fẹ́ ẹ débi pé wọ́n fi ìtẹ́ ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní Ọyẹ́ níhìn-ín, láàárín 1947 sí 1954, ilé iṣẹ́ ọnà kan wà tí Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, wà nídìí rẹ̀. Bámidélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì, ni ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́. Fákẹ́yẹ yìí di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, láìkọ́kọ́ gba oyè níbì kan. Ó kú ní 2009. Ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọ yunifásítì, Ọyẹ́ ni ó wà, inú ilé àwọn agbẹ́gilére.

Ní Adó, Olóyè Afẹ́ Babalọlá kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama rárá lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Ó ń kàwé fúnra rẹ̀ nílé, ó sì fi bẹ́ẹ̀ gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ètò ọrọ̀-ajé àti nínú òfin. Ní 2009, ó dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. N kò dárúkọ àwọn wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ìwé kò wúlò. Ẹni tí ó sọ ọ́ nínú wa, irọ́ ni ó pa; ìwé ni mò ń jẹ. Mo dárúkọ wọn nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo fẹ́ sọ ọ́ ṣókí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fà á. Ṣé ìmọ̀ ni kò tó, ṣé kọ̀ǹpútà ni kò mọ́ ọ yín lọ́wọ́, ṣé yunifásítì tí ẹ yàn ni kò bá máàkì yín mu? Ìdáhùn mẹ́ta ni, oògùn wọn kò jọra. Bí máàkì yín bá tó 100, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ ṣe dáadáa lè ti ibẹ̀ wọ yunifásítì, bí èmi ti ṣe. Ìdánwò NABTEB wà fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ìwé ẹ̀rí gidi sì ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún JAMB ṣe, kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má fi gbogbo ọdún náà jókòó. Ọdún tí a fi ń dúró lásán ni ó ń pa ọkàn, kì í ṣe máàkì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé ọmọ lọ sí ibi tí ẹ ti ń sanwó kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ọmọ tí ẹ bá fi irọ́ gbé wọlé, irọ́ náà ni yóò máa bá a gbé. Ẹ má sì fi ọmọ ẹlòmíràn na ọmọ yín.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ìsọ̀yè wà, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kà ni ó ń ránni létí. Kò lè ránni létí ohun tí a kò kà. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún ẹni tí ó bá wá, kí a tó gba owó rẹ̀. Kí a má dárúkọ ọ̀tá fún ìyá tí ẹ̀dùn ọkàn ti fọ́ lójú. Kí a má sì sọ níṣojú ọmọ pé orí rẹ̀ kò yan nǹkan kan. Àṣẹ wà lẹ́nu wa. Ẹnu tí ó ní àṣẹ kò gbọdọ̀ yára.

Ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹbọ tí Ifá yàn fún un kò ju obì, omi àti ẹyẹlé lọ, fún orí rẹ̀. A ṣe é. Lẹ́yìn náà mo ní kí ìyá rẹ̀ fi owó tí ó mú wá fún ẹbọ ńlá san owó ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi. Ó ní babaláwo tí kò mọ ọ̀tá, kí ni ó mọ̀? Kò padà wá títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ń gba iwájú ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kọjá ní Ìdó níhìn-ín, mo rí ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kò rí mi, n kò sì pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń rí wọn.

Kí orí wa má ṣàì bá ẹsẹ̀ wa rìn. Kí ẹsẹ̀ wa má ṣàì gbé orí wa dé ibi ire. Àwọn ọmọ tí ó fi ìdí rẹ omi lọ́dún yìí, kí wọ́n dìde, kí wọ́n gba odò náà kọjá, kí wọ́n bá wa ní òdìkejì.